Etí Tí Ọmọ Ń Wá Lóru

Ní ọdún 1935, ní ìlú Lincoln ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n rán ọ̀dọ́ àlùfáà kan tó ń jẹ́ Chad Varah pé kó lọ sin òkú ọmọbìnrin ọmọ ọdún 14 kan. Ọmọ náà ló gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ fún àlùfáà yìí ni pé ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ rí nǹkan oṣù rẹ̀ ni, kò sì mọ ohun tó jẹ́. Ó rò pé àrùn ìbálòpọ̀ ló mú òun. Kò rí ẹni bi léèrè, nítorí pé ọ̀rọ̀ ìtìjú ni nílé gbogbo ènìyàn nígbà náà. Varah dàgbà, ó darúgbó, ẹni ọdún 95 ni nígbà tó kú ní 2007, síbẹ̀ ọmọ yẹn kò kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Lọ́dún 1953, ó ya tẹlifóònù kan sọ́tọ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì tó ń bójú tó ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì kéde pé kí ẹnikẹ́ni tó bá ń rò láti pa ara rẹ̀ kọ́kọ́ pe òun. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ tí a mọ̀ sí Samaritans lónìí ti bẹ̀rẹ̀. Ohun kan wà nínú ìtàn yìí tí mo fẹ́ kí àwa òbí tẹjú mọ́ dáadáa. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ya wá bá Varah, èrò pọ̀, wọ́n ń jókòó dúró kó tó kàn wọ́n. Àwọn kan tó yọ̀ǹda ara wọn láti ràn án lọ́wọ́ a máa po tíì fún wọn, wọn a máa bá wọn tàkúrọ̀sọ. Kò pẹ́ tí Varah fi ṣàkíyèsí pé púpọ̀ nínú àwọn tó ń dúró yìí ti fara balẹ̀ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ òun, àwọn mìíràn kò tiẹ̀ nílò láti rí òun mọ́. Ẹni tó po tíì ti gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì ọdún 1954, ó ti fa iṣẹ́ gbígbọ́ náà lé àwọn tó ń po tíì lọ́wọ́. Wọn kì í ṣe dókítà, wọn kì í sì í ṣe wòlíì. Wọ́n kàn jókòó, wọ́n gbọ́, wọn kò sì bá ẹnikẹ́ni jà.

Irú etí bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tí ayé sú ń wá.

Lónìí, orí fóònù ló ti ń wá a. Iná ti kú, gbogbo ilé ti sùn, ó fa aṣọ bo orí, ìmọ́lẹ̀ fóònù ń tàn sí i lójú. Ó ti rí àwọn kan lórí ayélujára tí irú nǹkan tó ń ṣe é ń ṣe àwọn náà. Ọ̀kan lè wà ní Manila, ọ̀kan lè wà ní Manchester, ẹlòmíràn sì lè wà ní Ṣàgámù níbí. Kò sí èyí tó mọ orúkọ rẹ̀ nínú wọn, kò sí èyí tó mọ bàbá rẹ̀, kò sí èyí tó máa lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n màmá rẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kó lè la ẹnu.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi òbí, ẹ jẹ́ ká bi ara wa léèrè ohun tó fi ilé sílẹ̀ lọ wá níbẹ̀. Bí ọmọ bá ní, “Mọ́mì, ayé ti sú mi,” ìdáhùn ti wà lẹ́nu wa kó tó pa ẹnu dé. “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Má jẹ̀ẹ́ kí n gbọ́ irú ẹ̀ lẹ́nu ẹ mọ́.” “Kí lo fẹ́ tí o ò ní?” “Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún bíi tìẹ, mo ń kiri kí n tó lọ síléèwé.” “A kì í ṣe irú ẹ̀ nílé yìí.” Ẹlòmíràn á gbé e lọ sórí òkè, wọ́n á fún un ní ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n á sì sọ lójú rẹ̀ pé ẹ̀mí kan ló ń lò ó. Mi ò bá àdúrà jà, mo ń gbà á, mo sì ń gbà á fún àwọn ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ọmọ tó sọ̀rọ̀ tí wọ́n fi àdúrà dá a lẹ́nu kò tún ní sọ ọ́ níbẹ̀ mọ́. Á lọ sọ ọ́ níbòmíràn.

Àjọ ìlera àgbáyé sọ pé àwọn tó ń gba ẹ̀mí ara wọn lọ́dọọdún lé ní 720,000 káàkiri ayé. Láàrin àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n wà láti ọdún 15 sí 29, ohun kẹta tó ń pa wọ́n jù lọ nìyẹn. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó ni.

Kí ni ọmọ ń bá pàdé níbi tó lọ? Ó yàtọ̀ síra, ó yàtọ̀ gan-an, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti ta kókó.

Molly Russell jẹ́ ọmọ ọdún 14, ará Harrow ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó kú ní oṣù kọkànlá ọdún 2017. Ọmọ tó ní òbí tó fẹ́ràn rẹ̀ ni, tó ní ẹ̀gbọ́n méjì, àwọn ará ilé rẹ̀ kò sì rí ohun tó yí padà gan-an lára rẹ̀. Ẹ̀yìn ikú rẹ̀ ni bàbá rẹ̀, Ian Russell, ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ ohun tó ń wò. Nínú oṣù mẹ́fà tó gbẹ̀yìn ayé rẹ̀, nǹkan bí 16,300 ni àwọn àwòrán àti ọ̀rọ̀ tó fi pamọ́, tó fẹ́ràn tàbí tó pín lórí Instagram. Nínú wọn, 2,100 dá lórí ìbànújẹ́ ọkàn, pípa ara ẹni lára àti gbígba ẹ̀mí ara ẹni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọkàn sí èyí: kì í ṣe òun ló wá gbogbo rẹ̀ kiri. Ẹ̀rọ náà rí i pé ó dúró wo ọ̀kan, ó bá gbé òmíràn wá, ó tún gbé mẹ́wàá lé e. Pinterest tilẹ̀ ń fi íméèlì ránṣẹ́ sí i pé àwòrán mìíràn nípa ìbànújẹ́ ọkàn ti wà tó lè fẹ́ rí. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, adájọ́ tó wádìí ikú náà, Andrew Walker, sọ ọ́ kedere pé ohun tí ọmọ náà ń rí lórí ayélujára wà lára ohun tó ṣekú pa á, pẹ̀lú àìsàn ìbànújẹ́ ọkàn tó ń bá a fínra.

Ohun tó dùn mí jù nínú ẹjọ́ yẹn kọ́ ni iye àwòrán. Bàbá rẹ̀ sọ pé ọmọ náà ní ojú ìwé kan lórí Twitter tí ará ilé kò mọ̀, ó sì ń kọ̀wé sí àwọn gbajúmọ̀ níbẹ̀, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ran òun lọ́wọ́. Ọmọ tó ń ké sí ẹni tí kò lè gbọ́, tí bàbá tó lè gbọ́ sì wà nínú ilé kan náà.

Ìtàn kejì wá láti Amẹ́ríkà. Nọ́ọ̀sì kan wà ní ìpínlẹ̀ Minnesota, ọkùnrin tó níyàwó tó bímọ. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. A máa lọ síbi tí àwọn tó wà nínú ìpọ́njú ọkàn ti ń sọ̀rọ̀, á pe ara rẹ̀ ní ọ̀dọ́mọbìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, á ní ayé ti sú òun náà, á bá wọn dárò, á sì bá wọn ṣe àdéhùn pé kí àwọn jọ kú. Kò ní i lọ́kàn láti kú. Ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi ní 2011 lórí ikú ọkùnrin kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti ọmọbìnrin ọmọ ọdún 18 kan tó wà ní yunifásítì ní Kánádà. Ta ló tú u fó? Obìnrin àgbàlagbà kan ní abúlé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Celia Blay. Obìnrin yìí ti di ọ̀rẹ́ ọmọbìnrin kan lórí ayélujára, ọmọ ọdún 17 tó wà ní ilẹ̀ South America. Ọmọ náà sọ fún un pé òun ti bá ẹnì kan ṣe àdéhùn ikú, ọjọ́ sì ti sún mọ́lé. Celia Blay bẹ̀ ẹ́, kò fi í sílẹ̀ títí ọmọ náà fi pa èrò náà tì. Lẹ́yìn náà ló jókòó ti kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ń tọ ipasẹ̀ ọkùnrin náà. Àwọn ọlọ́pàá kò kà á sí lákọ̀ọ́kọ́. Kò dẹ́kun, títí àwọn ọlọ́pàá ní Minnesota fi dìde sí ọ̀rọ̀ náà ní 2008.

Ibì kan náà ni àwọn méjèèjì ti pàdé ọmọ yẹn. Àlejò ni wọ́n sí i, obìnrin náà àti ọkùnrin náà. Ọ̀kan gbà á là, èkejì fẹ́ pa á. Bí òbí bá wá sọ fún mi pé ibi ni gbogbo ibi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí lórí ayélujára, mi ò ní gbà. Ọ̀pọ̀ ló wà láàyè lónìí nítorí pé ẹnì kan tí wọn kò mọ̀ rí dá wọn lóhùn ní aago méjì òru. Ní 2010, àwọn olùwádìí ní Vienna fi hàn pé ìròyìn nípa ẹni tó bọ́ sínú irú ìpọ́njú yìí, tó sì rí ọ̀nà mìíràn gbà jáde, máa ń bá àdínkù ikú bẹ́ẹ̀ rìn. Nílé níbí, àwọn ọ̀dọ́ ló dá ẹgbẹ́ Mentally Aware Nigeria Initiative sílẹ̀ ní 2016, àwọn ọ̀dọ́ ló sì ń dá ojúgbà wọn lóhùn níbẹ̀. Ibi tó léwu ni ibi tí wọ́n ti ń sọ bí ènìyàn ṣe lè kú, tí wọ́n ń bú ẹni tó bá lọ rí dókítà, tí wọ́n ń ní kí ọmọ má sọ fún ará ilé. Bí ẹ bá rí èyí tó kẹ́yìn yẹn, ẹ jí gìrì. Ẹni tó fẹ́ràn ọmọ yín kò ní sọ fún un pé kó fi ọ̀rọ̀ ẹ̀mí pamọ́ fún yín.

Mo mọ ohun tí yóò kọ́kọ́ sọ sí wa lọ́kàn: ká já fóònù gbà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣe sùúrù. Bí a bá já a gbà láìtíì di etí tí ọmọ náà lè fọ̀rọ̀ sí, a ti gba ẹnì kan ṣoṣo tó ń gbọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀, a sì ti fi í sílẹ̀ nínú yàrá kan náà, òru kan náà. Yóò yá ti ọ̀rẹ́ rẹ̀. Yóò kọ́ bí a ṣe ń fi nǹkan pamọ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Fún ọmọ kékeré, ó dára kí fóònù má sùn sínú yàrá, kí gbogbo ilé sì jọ pa òfin náà mọ́, bàbá àti ìyá pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu ló gbọ́dọ̀ ṣáájú.

Ìbéèrè ni ọ̀rọ̀ ẹnu náà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń bẹ̀rù pé bí a bá dárúkọ ikú fún ọmọ, à ń fi sí i lọ́kàn ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 2005, Madelyn Gould àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé èsì ìwádìí kan jáde lórí akẹ́kọ̀ọ́ girama 2,342 ní ìpínlẹ̀ New York. Wọ́n bi apá kan nípa èrò láti pa ara ẹni, wọn kò bi apá kejì. Àwọn tí wọ́n bi kò ní irú èrò bẹ́ẹ̀ ju àwọn tí wọn kò bi lọ, ọkàn wọn kò sì dàrú jù wọ́n lọ. Kódà, ó jọ pé àwọn tí ìbànújẹ́ ọkàn ti ń bá fínra tẹ́lẹ̀ àti àwọn tó ti gbìyànjú rẹ̀ rí ní ìtura díẹ̀.

Bí ara ọmọ bá gbóná, a máa ń bi í pé níbo ló ti ń dùn ún. Bẹ́ẹ̀ náà ni èyí. Ẹ má pe ọmọ síwájú bíi pé ẹ fẹ́ dá a lẹ́jọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹ jọ máa bó ẹ̀gúsí, tàbí kí ẹ jọ wà nínú ọkọ̀, kí ojú yín má kọjú síra. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí: “Láti bí ọjọ́ mélòó kan, mò ń wò ọ́. O ò jẹun dáadáa, o ò sì sùn. Ṣé nǹkan kan ń dà ọ́ láàmú?” Yóò ní kò sí nǹkan kan. Ẹ má bínú. “Ó dáa. Tí nǹkan bá le koko fún èèyàn, nígbà míì ó máa ń ṣe é bíi kó kú. Ṣé ó ti ń ṣe ọ́ bẹ́ẹ̀? Ṣé ó ń ṣe ọ́ bíi kí o pa ara rẹ?” Kí ẹ wá dákẹ́. Ẹ jẹ́ kó pẹ́ kó tó dáhùn. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ mìíràn dí i.

Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má kígbe, ẹ má ká ọwọ́ lérí. “O ṣeun tí o sọ fún mi. Mi ò bínú sí ọ. A ó jọ wá nǹkan ṣe sí i.” Ẹ bi í bóyá ó ti ronú débi pé òun fẹ́ ṣe é láìpẹ́. Bó bá ti ronú débẹ̀, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ kó gbogbo oògùn àti kẹ́míkà inú ilé tì mọ́ ibi tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè tó, kí ẹ sì mú un lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Bó bá bẹ̀ yín pé kí ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ má ṣèlérí. Ẹ sọ fún un pé ẹni tó lè ràn yín lọ́wọ́ nìkan ni ẹ ó sọ fún. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ṣe bí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í pín nǹkan ìní rẹ̀ fún àwọn ọ̀rẹ́, tó ń dágbére lọ́nà tí kò yé yín, tó ń sọ pé òun ti di ẹrù sí yín lọ́rùn. Ẹ má dúró de ọ̀la.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ó yẹ ká yọ kúrò lẹ́nu nílé. A máa ń sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ iyì ni lẹ́nu àwọn baba wa. Ṣùgbọ́n ọmọ tí èsì JAMB rẹ̀ kò dára, ọmọbìnrin tó lóyún, ọmọkùnrin tó fi owó iléèwé ta tẹ́tẹ́, bí wọ́n bá gbọ́ ọ lẹ́nu wa, wọn kò gbọ́ ọ bí òwe. Àwọn baba yẹn náà ló sọ pé bí a ò kú, ìṣe ò tán. Èyí ni kí ẹ máa sọ sí wọn létí.

Àwọn ẹni ibi ti mọ bí ẹ̀sín ṣe ń bà wá lẹ́rù tó, wọ́n sì ti sọ ọ́ dòwò. Àwọn ayánilówó orí fóònù a máa ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó wà nínú fóònù onígbèsè pé olè ni. Ní 2022, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà já wọ ọ́fíìsì àwọn kan nínú wọn ní Ìkẹjà. Èyí tó burú jù ni ti fọ́tò ìhòòhò. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, ọmọkùnrin ọmọ ọdún 17 kan ní Michigan ní Amẹ́ríkà rò pé ọmọbìnrin ojúgbà òun lòun ń bá sọ̀rọ̀. Ọkùnrin ni, láti Èkó ni wọ́n ti ń kọ̀wé sí i. Wọ́n gba fọ́tò rẹ̀, wọ́n ń halẹ̀ mọ́ ọn pé àwọn yóò fi han ìdílé àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ bí kò bá fowó ránṣẹ́. Nígbà tó sọ pé òun yóò pa ara òun, ẹni tó wà lẹ́yìn fóònù ní kó tètè ṣe é. Ọmọ náà kú. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà rán tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan lọ sẹ́wọ̀n ọdún 17 àtààbọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan lórí ọ̀ràn náà. Ọ̀dọ́ tó lé díẹ̀ ní ogún ọdún ni wọ́n.

Àwọn náà jáde láti ilé kan. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ilé yìí ní apá méjì. Ká sọ fún ọmọ wa pé kò sí fọ́tò tó lè jáde, kò sí gbèsè, kò sí ìdánwò tó tóbi ju ẹ̀mí rẹ̀ lọ, kí ó sì sá wá bá wa bí ẹnikẹ́ni bá ń halẹ̀ mọ́ ọn. Ká tún kọ́ ọ pé ẹni tó wà lẹ́yìn fóònù, ọmọ ènìyàn ni. Kò gbọdọ̀ kọ “lọ kú” sí ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe eré. Bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá kọ ọ́ pé ayé ti sú òun, kó dá a lóhùn, kó bi í léèrè ohun tó ń ṣe é, kó má sì dá ẹrù náà gbé, kó wá pe àgbàlagbà. Ohun tí wọ́n kọ sínú ìlànà #chatsafe tí wọ́n ṣe fún àwọn ọ̀dọ́ ní Ọsirélíà ní 2018 kò jìnnà sí èyí.

Òfin Nàìjíríà pàápàá kò ràn wá lọ́wọ́. Abala 327 ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí òyìnbó fi sílẹ̀ fún wa ní kí ẹni tó bá gbìyànjú láti pa ara rẹ̀ lọ ẹ̀wọ̀n ọdún kan. Òyìnbó tó kọ ọ́ ti pa tirẹ̀ rẹ́ láti 1961, Gánà pa tirẹ̀ rẹ́ ní 2023. Ti ìpínlẹ̀ Èkó sàn díẹ̀, ilé ìwòsàn ló ní kí ilé ẹjọ́ rán an lọ. Ẹ̀rù òfin yìí ló ń mú kí àwọn òbí máa purọ́ fún dókítà pé àṣìṣe ni, pé ọmọ kò mọ ohun tó mu. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Dókítà tí kò mọ òótọ́ yóò wo ara ọmọ sàn, á sì dá a padà sílé pẹ̀lú ọkàn tó gbé e débẹ̀.

Nígbà tí Adéoyè Lámbò, dókítà àrùn ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní Aro, l'Abẹ́òkúta, ní 1954, ó ní kí mọ̀lẹ́bí kan tẹ̀ lé aláìsàn wá, kí wọ́n jọ gbé nínú abúlé tó wà nítòsí ilé ìwòsàn, kó máa gbọ́únjẹ fún un, kó máa bá a lọ gba ìtọ́jú. Gbogbo ayé wá kọ́ ọ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ilé ìwòsàn Aro ṣì wà, ti Yábàá wà, UCH wà n'Ìbàdàn, ní LUTH ní Ìdí-Àràbà, ẹgbẹ́ SURPIN wà tí iṣẹ́ wọn kò ju dídènà irú ikú yìí lọ. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Bìrìtìkó, nọ́ńbà Samaritans ni 116 123, ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà, 988 ni kí ẹ tẹ̀. Tọ̀sán tòru ni wọ́n ń gbé e, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ẹ bá ọmọ yín lọ, ẹ má kàn fi owó ọkọ̀ lé e lọ́wọ́. Bó bá sì jẹ́ ìwọ tí ò ń kà á ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí, bóyá òbí ni ọ́ tàbí ọmọ, jọ̀wọ́ jí ẹnì kan nínú ilé lálẹ́ òní kí o sọ fún un. Bí ẹni àkọ́kọ́ kò bá gbọ́ ọ, sọ fún ẹlòmíràn.